Àtẹ́lẹwọ́ Tí Ń Gbọ́ Ohùn Ẹ́ńjìnnì: Ìgbésí Ayé Ìyá Wa, Bodil Dyrholm Raunkjær (1938–2022)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1938, nínú ilé kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tó kọjú sí èbúté ìlú Faaborg, ní gúúsù erékùṣù Fyn, ni a bí ìyá wa, Bodil Dyrholm, ẹni tí a péjọ lónìí láti sìn dé ilé ìkẹyìn. Bàbá wọn ni Aksel Dyrholm, láti ìdílé tí ojú omi ti jẹ́ oko wọn láti ìran dé ìran. Bàbá àgbà wa yìí ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìsọdá tó ń lọ sí erékùṣù Ærø. Ìyá wọn ni Karoline, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé Svanninge, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ: Bodil ni àkọ́bí, nígbà tó sì di ọdún 1943, a bí Ragna tẹ̀lé wọn.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Faaborg ní ọdún 1945. Olùkọ́ wọn fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣàròyé fún àwọn òbí pé ọmọ yìí ń wo ojú fèrèsé ju pátákó lọ. Èbúté ló wà ní ìta fèrèsé náà. Bí wọ́n bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, yàrá ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń sáré gbà lọ. Níbẹ̀ ni bàbá wọn ti kọ́ wọn láti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin kí wọ́n sì dákẹ́. Bàbá àgbà máa ń wí pé ariwo ẹlòmíràn lè dí etí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ariwo tó lè dí ọwọ́.

Ní ọdún 1955, Màmá lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú Odense lọ́dọ̀ Ọ̀gá Holger Bisgaard. Ọ̀gá náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà wọ́n. Ó ní òun kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù. Màmá dáhùn pé ìyẹn kì í ṣe wàhálà, àwọn yóò máa lo ti ìyàwó ọ̀gá nínú ilé. Ìyàwó ọ̀gá, tó dúró lójú fèrèsé tó ń gbọ́, bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ọmọ náà wọlé. Nígbà tí Màmá gba òmìnira iṣẹ́ ní ọdún 1959, iṣẹ́ wáyà ni wọ́n yàn láàyò, nítorí pé ohun tí ojú kò rí ló máa ń dùn mọ́ wọn láti wá.

Ní ọdún 1961, wọ́n padà sílé, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́ja ní èbúté. Ibẹ̀ ni bàbá wa, Jens Peder Raunkjær, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú, gbé mọ́tò wọn wá. Ìgbàkúùgbà tí bàbá bá yí ọwọ́ mọ́tò náà sápá òsì ni fèrè rẹ̀ ń dún fúnra rẹ̀. Ara ìlú rò pé ọ̀yàyà wọn ló pọ̀. Tọmọdé tàgbà ń juwọ́ sí wọn, àwọn náà á sì máa juwọ́ padà tìtìjú-tìtìjú. Màmá tú ìdí ọwọ́ ọkọ̀, wọ́n rí wáyà kan tí ara rẹ̀ ti bó tó ń kan irin, wọ́n dì í, ó parí. Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá tún dé. Màmá béèrè ohun tó tún bàjẹ́. Bàbá ní kò sí ohun tó bàjẹ́, pé ìlú ló ti dákẹ́ jù. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1964, a so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Faaborg, Ọlọ́run sì fi Karsten àti Inger-Lis bù kún ilé wọn.

A kò ní fi ohun kan pamọ́ níbí, nítorí Màmá fúnra wọn kì í fi í pamọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 1968, àbúrò wọn, Àǹtí Ragna, ń ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Svend Hjortlund, ọmọ oníbúrẹ́dì láti Ærø. Màmá ló yẹ kó fi mọ́tò gbé ìyàwó láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àárọ̀ ni wọ́n lọ sí Svanninge láti kó òdòdó wá. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n rí ọkọ̀ akẹ́ja kan tó kú sí oríta, ọkùnrin kan sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó káwọ́ lérí. Màmá rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ti orí bọ abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì, aago ti kú nìyẹn.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, a kò rí Màmá, a kò rí òdòdó. Òjò bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Ragna bọ́ bàtà funfun wọn, wọ́n fi í sọ́wọ́, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Olúwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ìgbà tí tọkọtaya ń jáde ni Màmá dé, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n ní wáyà ọkùnrin náà ló já, àwọn kò lè fi í sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Àǹtí Ragna wò wọ́n. "Èmi lẹ wá fi sílẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá.

Tọkọtaya náà lọ ṣí ilé búrẹ́dì ní ìlú Søby, ní erékùṣù Ærø, tí ọkọ̀ ìsọdá ń lọ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá lójoojúmọ́. Omi tó wà láàárín wọn kò fẹ̀, síbẹ̀ ọdún gorí ọdún, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọdá rẹ̀. Màmá gbà pé àwọn kò ṣe búburú kankan. Àǹtí Ragna ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà kò sì wá. Wọ́n pàdé níbi ìsìnkú bàbá wọn àti ti ìyá wọn, wọ́n kí ara wọn bí àlejò ṣe ń kí àlejò. Àwa ọmọ dàgbà láìmọ̀ bí ilé búrẹ́dì náà ṣe rí. Àwọn ọmọ èbúté nìkan ló máa ń mú àkàrà òyìnbó ibẹ̀ wá fún wa, a ó sì jẹ ẹ́ sẹ́yìn ilé kí Màmá má bàa rí i. Nígbà tó yá la tó mọ̀ pé Màmá náà ń rán wọn níṣẹ́ rà á.

Kí ó má baà dà bíi pé ọdún wọ̀nyẹn kún fún ìbànújẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí Màmá fi wọ́n ṣe. Láti ọdún 1974, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ìlú ní títún mọ́tò ṣe ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó àlùfáà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn ìyá arúgbó wà níbẹ̀ tí wọn kò ní mọ́tò rárá ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ràn kọfí àti ọ̀rọ̀ àsọrẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ Màmá kò ṣòro. Wọ́n ní iná mànàmáná dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́: bó bá jáde nílé bátìrì, ó gbọ́dọ̀ padà sílé bátìrì. Bí o bá dí ọ̀nà mọ́ ọn, yóò gba ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn kọjá, ibi tí kò yẹ kó gbà ni yóò sì ti fa ìjọ̀gbọ̀n.

Bàbá Svend, ọkọ Àǹtí Ragna, kú ní òpin ọdún 1990. Nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Àǹtí Ragna ni mọ́tò àtijọ́ kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run, irú èyí tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí oòrùn máa pa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tọkọtaya náà máa ń fi í yí erékùṣù ká, tí ìborùn Àǹtí Ragna á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Ní ìgbà òtútù tí bàbá Svend ń ṣàìsàn ni mọ́tò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn ikú wọn, ó burú sí i. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dígí á máa jó, ilẹ̀kùn á máa pariwo, iná iwájú á sì máa kú lọ bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán. Mẹkáníìkì kan wá, ó pààrọ̀ bátìrì. Èkejì gbọ́ ìgbọ̀nrìrì náà, ó ní ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀, pé ayé mọ́tò náà ti parí. Àǹtí Ragna kò fẹ́ kó jẹra sójú wọn. Wọ́n gbà kí ọkùnrin kan láti Svendborg wá gbé e ní ọjọ́ Saturday kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 1991, kó lọ tú u palẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ ló ròyìn yìí fún Màmá ní ṣọ́ọ̀bù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jókòó sídìí búrẹ́dì dúdú àti ẹja wọn, wọn kò lè jẹ ẹ́. Wọ́n sọ fún bàbá wa pé mọ́tò kan wà ní Søby tí àwọn ènìyàn fẹ́ pa láìṣẹ̀.

Bàbá kò gbójú sókè nínú oúnjẹ wọn. "Ọkọ̀ ìsọdá máa ń lọ láàárọ̀," ni wọ́n wí.

Bí Màmá ṣe kan ilẹ̀kùn àbúrò wọn nìyẹn, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Àǹtí Ragna ṣílẹ̀kùn, ìyẹ̀fun wà lára aṣọ wọn. Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pe Màmá, ẹ ni wọ́n sì ń fi bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu wọn.

"Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́, Bodil?"

"Kò sẹ́ni. Mo gbọ́ pé mọ́tò Svend ń gbọ̀n."

"Mọ́tò nìkan lo gbọ́ pé ó ń gbọ̀n?"

Àǹtí Ragna yí padà wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn. Màmá dúró díẹ̀, wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí àgbàlá tí mọ́tò náà wà.

Wọ́n tan án, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára, wọ́n sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ kan bọ́tìnnì kékeré tí a ń fà bí mọ́tò bá tutù, wọ́n sì yára yọ ọwọ́. Ó gbóná bí ìdí ìkòkò tó bá iná sùn. Nígbà náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti bọ́tìnnì náà lọ síwájú kò ní iṣẹ́ kankan pẹ̀lú iná. Bó bá ń gbóná, iná ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe rò ló rí: wáyà nínípọn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò, tó yẹ kí iná fi máa padà sílé, ti já. Wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tanná, ìmọ́lẹ̀ funfun kan bo gbogbo ògiri ilé búrẹ́dì. Àǹtí Ragna yọ sójú ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n ń wo ìmọ́lẹ̀ náà pẹ́ títí, lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé kọfí jáde, wọ́n sì gbé e sórí pẹpẹ fún Màmá.

Ṣùgbọ́n mọ́tò ṣì ń gbọ̀n. Màmá tú pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n nù ún, wọ́n yẹ ọ̀nà epo wò, kò yí padà. Wọ́n sùn sórí àga gígùn nínú yàrá ìgbàlejò. Ní ọjọ́ Friday tí ilẹ̀ mọ́, wáyà tuntun náà ti ń ya létí. Inú bí Màmá. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó hun wáyà náà kò ṣe é dáadáa, pé àwọn yóò wá òmíràn tó le jù ú lọ.

Àǹtí Ragna ti dúró lẹ́yìn wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. "Ẹ ò ṣe kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń já a?" ni wọ́n wí.

Màmá kọjú sí wọn. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àwọn kò mọ èyí tó kọ́kọ́ gún àwọn láyà, bóyá ìbéèrè náà ni tàbí "ẹ" tó bá a jáde. Wọ́n ní kí Àǹtí Ragna jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, kí wọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n ki jíà bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa rọra tú kọlọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àǹtí Ragna ṣe bẹ́ẹ̀. Níwájú Màmá, ẹ́ńjìnnì náà gbé apá kan sókè bí ajá tó fẹ́ fò mọ́ olówó rẹ̀, ó sì tún jókòó pàà. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé lápá ọ̀tún ti jẹrà. Epo tó ń kán sórí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ. Ọ̀pá kankan kò tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ríbi jókòó ló ń gbọ̀n, gbígbọ̀n rẹ̀ ló ń já wáyà, wáyà tó já ló ń pa iná.

Màmá wọ abẹ́ mọ́tò láti tú rọ́bà náà. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló kù níta. Abẹ́ irin níbẹ̀ ni ohùn wọn ti jáde.

"Ragna, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí n wà. Ẹlẹ́ja yẹn ì bá dúró dè mí. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Àǹtí Ragna sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Ragna dáhùn, "ẹ jáde lábẹ́ mọ́tò kí n lè rí ojú yín."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ìyẹ̀fun wà lẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ Màmá nígbà tí wọ́n padà sílé, òróró dúdú sì wà ní èjìká aṣọ Àǹtí Ragna tí wọn kò fọ̀ ọ́ kúrò.

Kò sí irú rọ́bà náà ní gbogbo erékùṣù. Ọ̀gá kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Søby ló gé ọ̀kan fún wọn lára rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n fi ayùn àti sùúrù tún ṣe títí ó fi bá ojú ihò mu. Wọ́n ṣì ń di nọ́ọ̀tì ìkẹyìn ní ọjọ́ Saturday nígbà tí ọkùnrin Svendborg wakọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wọ àgbàlá. Kò sí ẹni tó tíì dán mọ́tò wò. Àǹtí Ragna bẹ ọkùnrin náà kó ní sùúrù díẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ológbò tó yó. Dígí kò jó. Ilẹ̀kùn kò pariwo. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í tú ohun alààyè palẹ̀. Ó mu kọfí, ó jẹ àkàrà òyìnbó, ó sì bá ọkọ̀ ìsọdá padà pẹ̀lú àpò búrẹ́dì dípò mọ́tò.

Láti ọdún náà ni gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń bá àwọn arábìnrin méjèèjì lójú ọ̀nà, òrùlé kíká. Wọ́n dé Skagen níbi tí òkun méjì ti pàdé. Wọ́n dé Norway, wọ́n gun òkè tí mọ́tò náà fi mí hẹlẹ. Ìjà kan ṣoṣo tó kù láàárín wọn ni ti òjò. Àǹtí Ragna a ní kí wọ́n fa òrùlé bò. Màmá a ní bí wọ́n bá sáré dáadáa, òjò á fo orí wọn kọjá. Wọ́n rin gbingbin wọ ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Europe.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í ṣe ẹni tó ń pariwo àdúrà. Àga ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ dùùrù ọkọ wọn jù. Iná ṣọ́ọ̀ṣì kò kú rí nígbà ayé wọn láìjẹ́ pé wọ́n ti dìde kí àlùfáà tó parí gbólóhùn rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2003. Bàbá wa ṣíwájú wọn lọ ní ọdún 2011, Àǹtí Ragna sì kó wá bá wọn gbé ní Faaborg, tàwọn ti mọ́tò.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun ọ̀sán tí wọ́n sì bú àbúrò wọn lórí bó ṣe ń ki jíà, ìyá wa sùn sórí àga wọn nínú oòrùn, wọn kò sì jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi àbúrò wọn ọ̀wọ́n, Ragna Hjortlund, sáyé lọ. Àti àwọn ọmọ, Karsten àti Inger-Lis. Ìyàwó ọmọ, Dorthe. Ọkọ ọmọ, Flemming. Àwọn ọmọ-ọmọ, Asger, Sidsel, Malthe àti Vibeke. Ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Alma. Àti àwọn obìnrin ọjọ́ Tuesday tí ó ṣẹ́kù, tí gbogbo wọn mọ ibi tí bátìrì wà.

Lẹ́yìn ìsìn, kọfí àti oúnjẹ wà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì fún gbogbo ènìyàn. Kí a tó jókòó, Àǹtí Ragna yóò wa mọ́tò aláwọ̀ ojú ọ̀run náà yí èbúté ká, òrùlé kíká, Alma yóò sì jókòó sí àyè Màmá. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ti ní òjò yóò rọ̀. Àǹtí Ragna ní ká sọ fún yín pé àwọn gbọ́, àwọn kò sì ní fa nǹkan kan bò.

Ìyá wa, ẹ̀gbọ́n Ragna, aya Jens Peder, ẹ fọkàn balẹ̀ sinmi. Kí ilẹ̀ yìí gbà yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ojú ọ̀nà yín á tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ yín kò ní kú, ẹ ó sì dé ilé láìgbọ̀n. Ẹ sùn ire, Màmá.